Ìgò Mínírà Kan, Ṣíbí Iyọ̀ Kan

Mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn tó mọ̀ mí ní Adó-Èkìtì mọ̀ pé ìwé kankan kì í bọ́ sí mi lọ́wọ́ kí n má tún un ṣe. Ìwé ìpè ìgbéyàwó pàápàá, bí wọ́n bá mú un wá sílé mi, màá wá bírò pupa. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Wọn kò mọ ohun tí ìwà yìí ti fojú mi rí, nítorí n kò sọ ọ́ fún wọn rí.

Nígbà tí mò ń sọ yìí, kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ìjọba ológun dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, Àkúrẹ́ sì ni gbogbo ìwé àṣẹ ti ń wá bá wa. Ṣùgbọ́n ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti Àkúrẹ́. Ìbàdàn ló ti wá. Dókítà àwọn ọmọdé kan níbẹ̀ ló kọ ọ́, ojú ìwé mẹ́ta péré, lórí bí ìyá ṣe lè po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru, kí omi ara ọmọ náà má baà gbẹ tán kó tó dé ọsibítù. Gbogbo iṣẹ́ ìwé náà kò ju ìyẹn lọ: kí ọmọ má kú sọ́nà. Ní abúlé tó jẹ́ pé ọkọ̀ kan ló ń jáde láàárọ̀, tí èkejì wà lọ́wọ́ Ọlọ́run, kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ní ẹ̀yìn ìwé náà, dókítà yìí kọ ọ́ pé òun kò tà á. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè dà á kọ, kó sì yí ohun tó bá yẹ padà kó lè bá àwọn èèyàn tirẹ̀ mu. Ó ní kí ẹni tó bá yí nǹkan padà kọ̀wé sí òun, kí òun náà lè rí ọgbọ́n kọ́ níbẹ̀. Èmi kò tíì rí dókítà tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Àwa nọ́ọ̀sì, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wa ni pé ká má fọwọ́ kàn án. Ẹnì kan wá ní ká fọwọ́ kàn án, mo sì fọwọ́ kàn án dáadáa.

Ìgò ló kọ́kọ́ mú mi yí i padà. Ìwé Ìbàdàn ní kí ìyá bu omi kún ìgò bíà ńlá kan, kó fi ṣíbí tíì bu iyọ̀ kan sí i, kó wá ka ṣúgà oníhóró mẹ́wàá sí i. Mo gbé e lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ wa. Ìyá ìjọ, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, kà á tán pátápátá, ó ṣẹ́ ẹ po, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún mi.

“Nọ́ọ̀sì,” ó ní, “ọmọ tí a ti rì bọmi, ẹ wá ní ká máa fi ugò ọtí bu omi fún un mu.”

Kò pariwo, kò sì bínú. Ó kàn fi ọ̀rọ̀ náà lélẹ̀, gbogbo ilé ìpàdé sì mi orí. Mo mọ ilé gbogbo wọn. Mo mọ ẹni tí ìgò bíà ọkọ rẹ̀ tò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n obìnrin kan ò ní jẹ́wọ́ níwájú ìyá ìjọ pé irú ìgò bẹ́ẹ̀ wà nílé òun, bẹ́ẹ̀ ni kò ní gbé e jáde nígbà tí ọmọ bá ń ṣàìsàn tí àwọn ará ìjọ ń wọlé wá kí i. Àwọn obìnrin Àgùdà ní tiwọn rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n ní ìgò wà nílẹ̀, ṣé káwọn ta díẹ̀ fún wa ni? Mi ò lè ṣe ìwé méjì fún ìlú kan ṣáá.

Mo padà sílé, mo bu omi sínú ìgò mínírà, mo dà á sínú ìgò bíà. Méjì rẹ̀ gan-an ló kún un. Mo bá yí i padà: ìgò mínírà kan, iyọ̀ ìdajì ṣíbí, ṣúgà márùn-ún. Ó tọ́. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí mọ̀ pé ó tọ́. Àwọn ọmọ tó mu omi yẹn lọ́dún náà ti di abiyamọ báyìí, èmi náà sì máa ń rí wọn lójú ọ̀nà.

Láti orí ìgò ni mo ti bọ́ sí orí nǹkan míì. Ìwé Ìbàdàn ní kí ìyá fọwọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ omi. Ẹ̀rọ omi wo? Mo kọ ọ́ pé kí ẹnì kan fi igbá da omi sí i lọ́wọ́. Wọ́n lo àwọn ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé àwọn ìyá àgbà wa ní láti béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, mo fi ọ̀rọ̀ Èkìtì rọ́pò wọn. Nígbà tó yá, ohun tí mo yí padà di mẹ́tàdínlógún. Mo kọ gbogbo wọn sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan, pẹ̀lú ojú ìwé àti ìlà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Iyọ̀ ni nọ́ńbà kẹrin: ojú ìwé kejì, ìlà kẹta. Àwọn obìnrin ìjọ kò pè é ní ìwé Ìbàdàn mọ́. Ìwé wa ni wọ́n ń pè é, orí mi sì ń wú bí ẹ̀kọ tó ń hó.

Ṣùgbọ́n dókítà Ìbàdàn kò jókòó jẹ́ẹ́. Bí oṣù bíi mélòó kan bá ti kọjá, ìwé tuntun ti dé. Wọ́n á ti fi nǹkan kún un, wọ́n á ti yọ nǹkan kúrò, nítorí pé àwọn náà ń kọ́ ọgbọ́n tuntun. Bí mo bá ní n kò ní gba tuntun, ọgbọ́n àná ni màá máa fún àwọn ìyá. Bí mo bá sì gbà á, mo ní láti tún gbogbo mẹ́tàdínlógún náà ṣe sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Màá gé bébà pẹ́lẹ́ńgẹ́ pẹ́lẹ́ńgẹ́, màá kọ tiwa sí i, màá fi ẹ̀kọ tútù lẹ̀ ẹ́ lé orí tiwọn. Tí mo bá parí, màá gbé e lọ sí iléèwé gíga kan lẹ́bàá Fájuyì, tí akọ̀wé wọn máa ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ìdánwò. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì nìkan ni wọ́n ń yá mi ní ẹ̀rọ náà, tí agogo méjì bá sì ti lù, wọ́n á ti yàrá pa.

Nígbà àkọ́kọ́, mo gbádùn rẹ̀. Nígbà kejì, ó sú mi díẹ̀. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹrin, bí mo bá ti rí àpòòwé Ìbàdàn lórí tábìlì Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwa nọ́ọ̀sì, inú mi á bà jẹ́. Bí ẹni ń pọn omi sínú agbè jíjò ni. Mátírọ́ọ̀nù gbà mí nímọ̀ràn lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí n lo ìwé wọn bó ṣe wà, kí n fi ẹnu ṣàlàyé tiwa fún àwọn ìyá. Mo dá a lóhùn pé ẹnu a máa gbàgbé, bébà kì í gbàgbé. Ó padà sídìí ìwé tó ń kọ. Mo rò nígbà yẹn pé mo borí rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ pé mo kọ̀wé sí Ìbàdàn. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìgò bíà fún wọn, bí àwọn ìyá wa kò ṣe lè gbé e jáde, bí mo ṣe fi ìgò mínírà wọn omi. Mo rò pé tí wọ́n bá lè fi sínú tiwọn, ẹrù mi á fúyẹ́. Mo retí èsì títí. Kò sí. Ìyẹn dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí pé àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé ká kọ̀wé. Mo sọ lọ́kàn mi pé bí wọ́n ò bá dá wa lóhùn, àwa náà ní ìwé tiwa. Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti fi ara balẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ mọ́. Ibi tí mo ní láti lẹ̀ ni mo máa ń wá.

Ìwé tí mo ń sọ yìí dé nígbà tí máńgòrò ń pọ́n, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń gbá gbogbo ìdọ̀tí lọ sínú odò. A gbọ́ pé ìgbẹ́ gbuuru ti wọ ìlú Ìgèdè nítòsí wa. Àwọn obìnrin ìjọ tó wà níbẹ̀ ránṣẹ́ pé kí n mú ìwé wá fún àwọn ní ọjọ́ Ìsinmi, nítorí èyí tó wà lọ́wọ́ wọn ti ya tán. Ọjọ́bọ̀ ni ìròyìn dé bá mi. Ìwé Ìbàdàn tuntun ti wà lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ mélòó kan, ojú ìwé márùn-ún, n kò sì tíì ṣí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni mo ṣe é, lórí ìjókòó níwájú yàrá ìtọ́jú ọmọ, láàárín abẹ́rẹ́ kan sí èkejì. Ní ìlà àkọ́kọ́ lórí omi, mo rí “ìgò bíà”, ìyẹn sì ti tó mi. Mo ní àwọn olórí kunkun wọ̀nyí, mo mú bébà “ìgò mínírà kan”, mo lẹ̀ ẹ́ bo gbogbo ìlà náà láìkà á dé ìparí. Mo rí ṣúgà níbi tó máa ń wà, mo sọ mẹ́wàá di márùn-ún. Mo dé orí nọ́ńbà kẹrin, iyọ̀, ojú ìwé kejì, ìlà kẹta. Iyọ̀ kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀ ni wọ́n gbé síbẹ̀. Ọmọ kan ń ké nínú yàrá, ìyá rẹ̀ ń pè mí. Mo ní màá wá iyọ̀ náà tí mo bá parí, mo sì bọ́ sórí nọ́ńbà karùn-ún.

N kò wá a. Wọ́n ti gbé e lọ sí abẹ́ àwòrán, ní ojú ìwé kẹta: ṣíbí tíì iyọ̀ kan. Mo lẹ àwòrán ìgò mínírà tí mo yà lé orí àwòrán tiwọn, n kò sì wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Akọ̀wé tẹ ohun tó rí. Èmi fúnra mi ni mo yí ọwọ́ ẹ̀rọ náà, nítorí pé agogo méjì ti ń sún mọ́lé. Ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan ni mo kà nínú ohun tó jáde, mo rí i pé ó mọ́, inú mi dùn.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé omi tiwa àti iyọ̀ tiwọn pàdé nínú ìwé kan. Tiwọn tọ́ láyè ara rẹ̀. Tiwa tọ́ láyè ara rẹ̀. Èmi ni mo so wọ́n pọ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo pín in ní Ìgèdè lẹ́yìn ìsìn. Mo dúró níwájú wọn, mo sì sọ ọ̀rọ̀ tí mo máa ń fi yangàn, pé kí ẹnikẹ́ni má fi ojú wọ̀n ọ́n, kí wọ́n ṣe é gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé, kó má lé, kó má dín. Ọ̀dọ́ ìyàwó kan jókòó síwájú, ó gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin lé itan. Àkọ́bí rẹ̀ ni. Ọmọ náà na ọwọ́ gba bébà, ìyá rẹ̀ rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi pamọ́ sínú Bíbélì kó má baà ya. Mo rántí pé mo yìn ín lójú gbogbo èèyàn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìyàwó náà fi gbé ọmọ yìí wá sí ọsibítù ní Adó. Ìgbẹ́ ọmọ náà ti dá. Ìyẹn ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n gìrì ti mú un, ahọ́n rẹ̀ gbẹ bí èèpo igi, ó sì ń wá omi kiri pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ bí ọmọ tuntun ṣe ń wá ọmú. Ìyá rẹ̀ ní bí òùngbẹ ṣe ń gbẹ ẹ́ ni òun ń po omi náà sí i. Ìgò kan tán, ó po òmíràn. Ó gbé ìgò mínírà tó kù jáde nínú apẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìwé náà, ó ṣẹ́ ẹ po dáadáa.

“Bí ẹ ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe é, Nọ́ọ̀sì,” ó ní. “Ugò kan, ṣíbí uyọ̀ kan. Mi ò jẹ́ kó lé.”

Mo da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo fi ahọ́n kàn án. Omi yẹn níyọ̀ ju omijé lọ. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan kan ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tó ti bàjẹ́, n kò sì fẹ́ mọ̀. Dókítà ọsibítù wa ṣe ohun tó lè ṣe. Ọmọ náà kú kí oòrùn tó wọ̀. Dókítà ní iyọ̀ ló pọ̀ jù, ó ní àwọn ìyá wọ̀nyí kì í wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ. Ó sọ ọ́ létí ìyá ọmọ. Èmi náà wà níbẹ̀. N kò la ẹnu mi.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo wọ yàrá tí a ń kó aṣọ sí, mo ti ilẹ̀kùn, mo ṣí ìwé wa sí ojú ìwé kẹta. Kò pẹ́ tí mo fi rí i. Mo wá gbé ìwé Ìbàdàn jáde, mo fi èékánná họ bébà tí mo lẹ̀ sórí ìlà omi. Ẹ̀kọ ti gbẹ mọ́ ọn, ó já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n mo rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kà: ìgò bíà kan, tàbí ìgò mínírà méjì. Àwòrán tiwọn tí mo bò mọ́lẹ̀, ìgò bíà kan ni, pẹ̀lú ìgò mínírà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé karùn-ún, níbi tí n kò dé, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó kọ̀wé láti Adó-Èkìtì lórí ọ̀rọ̀ ìgò.

Èsì ìwé mi nìyẹn. Ó ti wà lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ tí àpòòwé náà ti dé. Kò sí ohun tó yẹ kí n lẹ̀ mọ́ ọn mọ́. Ká ní mo jókòó, tí mo kà á, tí mo sì pín in bó ṣe wà, kò ní sí ìyá ìjọ kan tó máa bínú, ọmọ yẹn ì bá sì ti máa ṣeré ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá rẹ̀. Mo jókòó sórí òkìtì aṣọ, mo sunkún. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà kò tíì kúrò lójú mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọkọ̀ lọ sí Ìgèdè. Mo ń lọ láti ilé dé ilé, mo ń sọ pé ìwé tuntun ti dé, kí wọ́n dá ti tẹ́lẹ̀ padà. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mi ò fi ọ̀rọ̀ wọn ṣeré. Mo gbà á padà tán, àfi èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́ ìyàwó náà. N kò lè yà sí ilé rẹ̀. Mo sun gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn ilé mi, pẹ̀lú ìwé tí mo kọ mẹ́tàdínlógún náà sí, mo sì sọ fún Mátírọ́ọ̀nù pé láti ìsinsìnyí lọ, ti Ìbàdàn ni màá máa lò bó ṣe wà. Ó ní ó dáa. Kò béèrè ìdí.

Ó tó oṣù kan lẹ́yìn náà kí ọ̀dọ́ ìyàwó náà tó wá. Ó bá mi níwájú yàrá ìtọ́jú ọmọ, lórí ìjókòó kan náà. Ó ti gbẹ. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kò sì tètè dìde. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú ṣíbí kan jáde, ó fi lé mi lọ́wọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wò ó,” ó ní. “Òun ni mo fi wọn uyọ̀ náà. Àwọn ará ulé ọkọ mi ń sọ pé èmi ni mo po ọmọ mi pa, pé ṣíbí mi tóbi jù. Kí ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ó tóbi?”

Mo yí ṣíbí náà sí òkè, mo yí i sí ìsàlẹ̀. Ṣíbí tíì ni. Kò tóbi, kò kéré. Irú rẹ̀ gan-an ló wà nínú àwo tíì mi nílé. Ó gbójú sókè wò mí, n kò sì rí nǹkan míì nínú ojú yẹn ju pé ohun tí mo bá sọ ni yóò gbà.

“Ó tóbi díẹ̀,” ni mo wí.

Ó mi orí. Ó ní ó yẹ kí òun ti gbé e wá fún mi wò tẹ́lẹ̀, òun ni òun kò ní ọgbọ́n. Ó gba ṣíbí náà, ó so ó padà mọ́ etí ìró rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì dìde. Mo tẹ̀lé e dé ẹnu géètì, mo ń wò ó títí tó fi wọ inú ọkọ̀ Ìgèdè ní òdìkejì títì. Èrò kò tètè kún ọkọ̀ náà. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó di etí ìró rẹ̀ mú, fún bí ìdajì wákàtí. Àyè wà dáadáa tí mo fi lè sọdá lọ bá a. N kò sọdá.